Àpò Yanrìn Abẹ́ Ibùsùn Bàbá

                                        Ilé Bàbá Oníkúsà,
                                        Naraguta, Jos,
                                        Ìpínlẹ̀ Plateau.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bùọ̀dá Mọ́nsúrù,

Àsàlámù àlékùm. Ìlọrin ńkọ́? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ kírun? Àwa náà ń dúpẹ́. Òtútù ti ń rọlẹ̀, ètè wa kò là mọ́. Tohirat ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, yàrá Bàbá ló ṣì ń sùn títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Àwọn ọkùnrin méjì gbé jíìpù wá ní Ọjọ́rú. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ dá iná mànàmáná átọ́míìkì sílẹ̀, àwọn sì ń ra yanrìn dúdú tó máa ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá ti fọ kúsà, tín tí Bàbá ń wà nílẹ̀, tán. Ọkàn mi kò gbà á. Mo lọ bá Keziah, ayálégbé wa tó ń kọ́ni ní físíìsì. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ṣòfin ọ̀rọ̀ átọ́míìkì yìí, kí wọ́n tó bí èmi gan-an. Ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré tó wà ní Zaria, ìwádìí ni wọ́n ń fi ṣe, kò tan gílóòbù kan fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba bá Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n dárúkọ ilẹ̀ ní Kogi àti Akwa Ibom, síbẹ̀ a ò tíì rí iná. Ta wá ni yóò máa wá yanrìn kiri Naraguta? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Wọ́n tún dé ní Sátidé. Kí n tó sọ̀rọ̀, èyí tó ga nínú wọn ti wọ yàrá Bàbá, ó kọrí sí ibùsùn, ó ní kí n yọ pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí òun rí àpò yanrìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bùọ̀dá, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀ pé àpò wà níbẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin la bá Bàbá tì í síbẹ̀, tó ní ọjọ́ kan yóò wúlò fún wa.

Nígbà tí mo yọ pákó náà, ọkùnrin náà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi nǹkan bo imú, ó wá na ẹ̀rọ kan sí àpò náà. Ẹ̀rọ náà ń ta bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Babu komai, Hajiya." Tí kò bá sí nǹkan kan, kí ni ìbọ̀wọ́ wà fún? Mo lé wọn jáde. Keziah ní ohun kan wà nínú irú yanrìn bẹ́ẹ̀ tó bá ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ átọ́míìkì tan, ìtànṣán rẹ̀ lè pa ara lára, kò yẹ kéèyàn sùn tì í. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ọjọ́ náà ni mo mú Tohirat lọ sí pálọ̀.

Mi ò ní ẹ̀yin lẹ rán wọn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo sọ fún wọn, Bàbá sì ti kú. Oṣù Kọkànlá lẹ pè mí lórí fóònù, tí ẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpò náà. Mo rò pé nítorí owó ni. Kí ni wọ́n ti sọ fún yín nípa ewu rẹ̀ nígbà náà? Ẹ mọ ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má fi fóònù dá mi lóhùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè rí i kà fún Tohirat tó bá dàgbà.

Èmi ni àbúrò yín,
Maimunah.