Fìlà Tí Mo Ṣèèṣì Tà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló mú ọmọbìnrin mi. Nígbà tí oògùn jẹ́ kí irun rẹ̀ re dànù, mo rán fìlà aláwọ̀ ewé fún un. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, dókítà ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Ni mo bá ń rán fìlà tà, kí owó rẹ̀ lè lọ fún àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn náà lára àwọn ọmọdé.

Fìlà ọmọ mi ni mo fi ń wọn àwọn yòókù. Àṣé mo ti kó o mọ́ wọn, mo ti tà á! Mo sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Mo wá jókòó kọ lẹ́tà yìí, kí ẹni tó rà á lè gbọ́, kó dá a padà.

Ọmọ náà yọjú láti ẹ̀yìn mi, ó kà á, ó pòṣé. Ó fa irun tó ti hù padà lórí rẹ̀ hàn mí.

"Mọ́mì, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún padà dé e ni?"

Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ bá mi dá sí i, ṣé mo jẹ̀bi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ra fìlà aláwọ̀ ewé tó ní òwú pupa nínú, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a padà mọ́.