Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Àwọ̀n Agafia Wassillie

Ilé Wassillie,
Ẹ̀bá Odò Kuicuar,
Abúlé Nunacuk,
Alaska.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Òkúdù, 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣàkóso Ẹja Odò Kuicuar,
Tevyaraq,
Alaska.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ DÁ ÀWỌ̀N ÌYÁ ÀGBÀ MI PADÀ KÍ ẸJA TÓ KỌJÁ TÁN

Èmi ni ọmọ ọmọ Agafia Wassillie, ẹni tí òṣìṣẹ́ yín gba àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí àṣẹ. Kò tàpá sí i rárá. Ó gbọ́ àṣẹ náà, ó kàn rò pé èmi ni.

Gbogbo ilé abúlé wa ló ní rédíò ìbánisọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná, orí rẹ̀ la ti ń gbọ́ ìgbà tí ẹ bá ṣí odò fún ìpẹja sámọ́ọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni Harlan Tveit ló máa ń kéde fún yín. Á kọ́kọ́ wúkọ́, á fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wọ́ ọkọ̀ gun etí odò, á sì dúpẹ́ fún sùúrù wa kí a tó ní sùúrù ọ̀hún. Mo mọ ohùn náà ṣe dáadáa. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni mo ti ń fi pa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ti gba orí rédíò ẹ̀gbọ́n bàbá mi kéde pé wọ́n ti sún ìwẹ̀ olóoru Màmá Àgbà di ọjọ́ mìíràn, òun náà sì pa iná tó ti dá sí ilé ìwẹ̀.

Ẹ ti sọ pé odò yóò ṣí ní ọjọ́ Ẹtì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Ọ̀gbẹ́ni Tveit tún wúkọ́, ó ní ẹja tó ti ti òkun wọ odò kò tíì pọ̀ tó, kí a ṣì dúró. Mi ò sí nílé. Màmá Àgbà ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní fún rédíò náà, "Fenya, o tún ti dé. Ohùn ọkùnrin yìí ti mọ́ ẹ lẹ́nu ju èyí tí Ọlọ́run fún ẹ lọ." Ló bá pa rédíò.

Láàárọ̀, ó ta àwọ̀n sódò. Nígbà tí kò rí ọkọ̀ kankan, ó ní ọ̀lẹ ti pọ̀ ní Nunacuk.

Òṣìṣẹ́ yín bi í bóyá ó gbọ́ ìkéde. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi, àmọ́ ọmọbìnrin ilé wa ló ń ṣe yẹn." "Mo gbọ́ ọ" nìkan ni òṣìṣẹ́ náà kọ sílẹ̀. Ó sì kó ẹja tó wà nínú àwọ̀n lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹja àkọ́pa ọdún nìyẹn o. Nílé wa, ẹni tó bá pa á kì í jẹ ẹ́. Àwọn arúgbó tí kò lè lọ sódò mọ́ la máa ń gé e pín fún, kí a tó fi ẹnu kan èyíkéyìí.

Ẹ ti ṣí odò fún gbogbo ènìyàn báyìí. Àwọn aládùúgbò ń sá ẹja tiwọn, àtẹ tiwa ṣófo. Àwọ̀n kan ṣoṣo tí a ní ló wà lọ́dọ̀ yín, ẹ sì fi ẹjọ́ Màmá Àgbà sí oṣù Ògún, nígbà tí àwọn sámọ́ọ̀nù ńlá yóò ti kọjá lọ, tí òjò kò sì ní jẹ́ kí ẹja kankan gbẹ. Èyí tí a bá sá nísinsìnyí la ó jẹ ní gbogbo ìgbà òtútù. Màmá Àgbà ti gbá ilé èéfín tí a ti ń yan ẹja gbẹ, ó ti kó igi síbẹ̀, ó wá jókòó sétí odò, ó ń wo omi. Mo ní kó jẹun, ó ní, "Ṣé ẹja á dúró gba ìwé ìpẹ̀jọ́ ni?" Kò bú mi. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè sùn.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí n wá ṣe ohùn náà níwájú Ìgbìmọ̀. Kí Ọ̀gbẹ́ni Tveit má bínú. Kí òun fúnra rẹ̀ sọ bóyá arúgbó lè mọ ìyàtọ̀ ohùn àwa méjèèjì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí àwọ̀n máa bọ̀ nílé, kí ẹ fi mí ṣe ìwọ̀fà rẹ̀. N ó máa fọ ọkọ̀ yín, n ó máa gbálẹ̀ ọ́fíìsì yín, títí ọjọ́ ẹjọ́ yóò fi pé. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó lẹ́tà yìí bọ̀ yóò padà sí Nunacuk lọ́la. Àwọ̀n náà kò wúwo.

Mo dúpẹ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọkàn tí kò balẹ̀,

Fenya Wassillie,
Ọmọ ọmọ ẹni tí ẹ gba àwọ̀n rẹ̀.