Àwọn Àlejò Tó Sùn Sínú Èèsún Bàbá Rẹ

Tolúlọpẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Iṣẹ́ ńkọ́? Olúwa tó ń ṣọ́ ẹ ní Ìbàdàn kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Má rẹ́rìn-ín pé mo pè ọ́ lọ́mọ o. Mo mọ̀ pé ìwọ lo pọ̀n mí nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ ni mí, bàbá náà ni mí, pípọ̀n tí o pọ̀n mí kò yí ìyẹn padà. Gbogbo wa nílé ní Òmù wà láàyè, àmọ́ ó ti rẹ̀ wá. Ó rẹ èmi jù, torí èmi ni mo gbọ́n jù nínú ilé yìí, orí mi ni gbogbo wàhálà ń já lé.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ní Ìlógbò, wọ́n rí ẹyẹ àkọ̀ kan létí odò, ó ga tó ọmọ iléèwé, àwọn àgbà ní àwọn kò rí irú ẹ̀ rí láti kékeré, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n ti Òmù ló ju tiwọn lọ. O rántí ilẹ̀ bàbá rẹ lẹ́yìn oko kòkó, tí a fi sílẹ̀ tí èèsún fi bò ó? Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló kún ibẹ̀. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á dé bí èéfín, wọ́n á wá dà sínú èèsún lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí èèyàn ń da àgbàdo sínú apẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ọmọbìnrin kan dé láti yunifásítì, Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ lorúkọ ẹ̀, ó gbé jígí olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn. Bí mo ṣe gbọ́ dókítà, mo ká aṣọ sókè kó wo ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí. Ó ní dókítà ẹyẹ lòun. Mo ní kò burú, mo gbé àkùkọ wa tó ń wúkọ́ wá. Ó tún ní irú ẹyẹ yẹn kọ́. Kí wá ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀? Ó dáa tí mo fi girama sílẹ̀ ní kíláàsì kejì.

Ó ní àwọn ẹyẹ yìí kì í ṣe alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tiwa, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti wá, wọ́n sá fún òtútù ni, wọ́n á padà tí òtútù bá lọ tán. Ó mú ọ̀kan dání, òrùka kékeré wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i. Ó fẹ́ ṣàlàyé, mo ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, mo mọ físà tí mo bá rí i. Ohun tó kàn bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn tó kù kò ní. Mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ìmígírésọ̀n kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ló bá bẹ̀ mí pé ká má tíì dáná sun èèsún yẹn títí wọ́n á fi lọ. Mo ní ó ti parí, ta ló ń lé àlejò? Mo tiẹ̀ gbé ìrẹsì àti omi tútù lọ fún wọn, wọn kò yà sí i. Dókítà ní kòkòrò inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Ó dáa, ṣé wọn kò lè tọ́ ọ wò nítorí ojú ni? Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Ìjà bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ bàbá rẹ ni, wọn kò sì rán mi níṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbin iṣu sí lọ́dún yìí, èèbù sì ti ń rú nínú abà. Wọ́n bi mí pé ṣé iṣẹ́ tí mo rí ṣe nìyẹn, kí n máa gba àlejò sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wò ó bóyá àwọn ẹyẹ ti ń di ẹrù. Nígbà tó sú bàbá rẹ, wọ́n mú ìṣáná, wọ́n gba oko lọ nírọ̀lẹ́, mo ń sá tẹ̀ lé wọn, mo ń bẹ̀bẹ̀. Bí a ṣe débẹ̀ ni àwọn ẹyẹ ń dé. Bàbá rẹ gbójú sókè. Wọn kò tíì rí i rí. Wọ́n dúró títí gbogbo ẹ̀ fi wọ inú èèsún tán, wọ́n ti ìṣáná bọ àpò, wọ́n ní ó dọ̀la.

Láti ìgbà yẹn, ó dọ̀la ni. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Bí òmíràn bá rọ̀ sí i, èèsún yẹn kò ní jó mọ́, a ò sì ní rí iṣu tiwa jẹ. Èmi tí mo ní ká má sun ún ni mo wá ń bẹ̀ wọ́n pé ká sun ún, wọ́n ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Ó ti sú mi, ọmọ mi.

Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n, tìẹ ni wọ́n ń gbọ́. Tí wọn kò bá gbà, fowó iṣu ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀, torí mo máa ń jẹun. Má fi sí báǹkì o. Wọ́n ní kí n wá fojú han ẹ̀rọ kan kí n tó gbowó, èmi ò sì lè máa fojú bẹ ẹ̀rọ. Fi rán awakọ̀. Tí o bá máa pè, má pè nírọ̀lẹ́. Bàbá rẹ máa ń pa fóònù kó má baà dún mọ́ àwọn ẹyẹ létí. Tèmi náà, pípa ni. Àga méjì la ń gbé lọ sétí èèsún báyìí.

Ọ̀nà rẹ á là. Ibi tílẹ̀ bá ṣú ọ sí, wọn kò ní fi ìṣáná pàdé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré,
Lánípẹ̀kun