Màmá, Mo Ti Pa Ohùn Yín Rẹ́ Nínú Fóònù Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà. Èmi Làsísì, àkọ́bí yín, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ilẹ̀ Finland níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, eegun ẹ̀yìn mi kì í fẹ́ kí n dìde mọ́. Mo kí Ráímì àbúrò mi. Mo kí ìyàwó rẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí. Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, kódà bí Màmá bá ní kí o pa á dé.

Màmá, ó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí ẹ kò gbé fóònù mi. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síta báyìí nìyẹn. Bí mo bá pe Ráímì, á ní ara yín le, pé ẹ tilẹ̀ bá aládùúgbò jà lórí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu yín. Ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá jí, mo máa ń rò ó pé bóyá ẹ ti ṣubú nídìí kànga, tàbí pé ẹ lọ kí àbúrò yín ní Ìbéṣè, tí ẹ sì lọ gun ọ̀kadà níwájú ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì. Mùlíkátù, ọmọ mi nọ́ọ̀sì tó mú mi wá síbí, ní bí mo bá ń ronú báyìí, èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé wá bá òun ní ọsibítù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mo ń gbálẹ̀ ní ilé ìkàwé kan láàárọ̀. Bàtà tó ní irin ṣóńṣó lábẹ́ ni mo ń wọ̀ débẹ̀, nítorí yìnyín bo ilẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Aago mẹ́sàn-án á lù, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í kí ènìyàn lọ́nà. Mo máa ń kí ara mi, mo sì máa ń dá ara mi lóhùn.

Obìnrin àgbà kan ló ń tọ́jú àwọn àwo orin níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi ohun ìgbọ́rin bò mí létí. Orin ilẹ̀ wọn ni. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́. Àwọn onígòjé àti onífèrè tó ń gbè é tó sáàfù mẹ́ta, ìlà àwọn olùkírun, ní Yídì, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ yọ lórí wọn. Obìnrin àgbà náà ṣàlàyé pé ìyá kan ló dúró létí adágún, tó ń pe ọmọ rẹ̀ tó wà lódìkejì omi. Ló bá kó àwo méje sílẹ̀, ó ní orin yìí kan náà ni gbogbo wọn, obìnrin méje ló kọ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé, ṣé ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orin jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n èémí wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Mo gbọ́ méjèèje, ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Ọ̀kan ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ọ̀kan mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lọ́kàn. Èyí tó gbó jù, tó ń ha gàràgàrà, ìyá àgbàlagbà ló kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí orin ti ga jù, ohùn rẹ̀ ya, àwọn onígòjé sì rọra dúró dè é títí ó fi rí èémí mú. Màmá, mo dojú korobá tí mo fi ń fọlẹ̀ dé, mo jókòó lé e, mo sunkún. Bí ẹ bá ń kì mí kí n tó lọ sílé ìwé ní Ayétòrò, tí ẹ bá dé orúkọ Bàbá, bẹ́ẹ̀ gan-an lohùn yín ṣe máa ń ya. Mo béèrè ìyá náà. Wọ́n ní ó ti kú tipẹ́, àwo yìí ló kù.

Ẹ̀rù bà mí, ibẹ̀ ni mo ti ṣìwà hù. Mo bẹ Ráímì pé kó fi fóònù gba ohùn yín láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Nígbà tó kúnlẹ̀ kí ẹ lè gbọ́wọ́ lé e lórí, kí ẹ kì í, inú fìlà tó ṣí sílẹ̀ ló fi fóònù pamọ́ sí. Ó wá ń dán an wò sókè ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ẹ sì ń kọjá lọ, lẹ bá gbọ́ ohùn ara yín. Ráímì ní ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé ta ló kú. Ẹ ní orí tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín lẹ máa ń kì, pé ṣé orí fóònù lẹ óò wá máa gbọ́wọ́ lé báyìí? Ẹ ní Làsísì ti ń pín ogún yín nígbà tí ẹ ṣì ń fọ́ eegun jẹ.

Òtítọ́ lẹ sọ. Nígbà tí mo tẹ́tí sí i, Àjàní lẹ ń pè, oríkì Ráímì. Mo tẹrí ba títí ó fi parí, Àkànní tèmi kò jáde. Mo ti pa á rẹ́, Ráímì náà ti pa tirẹ̀ rẹ́. Kò sí ohùn yín níbì kankan mọ́ àfi lẹ́nu yín. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní parọ́.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Mùlíkátù ní òun yóò mú mi wálé. N ó ṣí fìlà, kò ní sí nǹkan kan nínú rẹ̀, n ó kúnlẹ̀. Kí Ọlọ́run dá yín sí dè mí. Kí ẹsẹ̀ yín máa gbé yín, kí ẹ má sunkún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ bá mi kí àwọn ará Ìmẹ̀kọ, ẹ kí ẹbí wa lódìkejì bọ́dà, ẹ kí gbogbo Ìlárá.

N ó tún pè lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e. Ẹ má kì mí, n kò tọrọ ìyẹn. Ẹ kàn bú mi.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí èébú,
Làsísì Àkànní