Fọ́tò Ilé Wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ ètò yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Igbó-Ọrà ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Orúkọ tí n ó pe àwọn ọmọ mi yìí náà kì í ṣe tiwọn gan-an.

Ọkọ mi, Bàbá Sódìq, tó kú láìpẹ́ yìí, fọ́tò ilé ló ń yà jẹun. Tẹ́nìkan bá kọ́lé tán ní Èrúwà tàbí Lánlátẹ̀, òun ni wọ́n ń pè. Kì í fẹ́ kí èèyàn dúró síwájú ilé rárá. "Ẹ yẹra, ẹ jẹ́ n rí ògiri!"

Iléyá ọdún kan, gbogbo wa wọṣọ tuntun, mo ní, "Bàbá Sódìq, ẹ ya fọ́tò ilé wa." Èmi àtàwọn ọmọ ni mo ní lọ́kàn o! Ọkùnrin yìí lé gbogbo wa wọlé, ó ya ògiri. Inú bí mi. Ẹ̀rín ló ń rín: "Ṣebí ilé lo ní kí n yà?"

Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ ká gbé kọ́ níbi fídáù rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, bàtà gbogbo wa sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ti Làtíífàt kékeré dojú dé. Sódìq kọ̀ jálẹ̀, ó ní bàbá àwọn ò sí nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni, bàtà tirẹ̀ nìkan ni kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níta, níbi tó dúró sí, tó ń wò wá.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i: ṣé kò sí níbẹ̀ lóòótọ́?