Fíltà Tó Sọ Ojú Ọmọ Mi Dúdú

Quadri, Àjàní mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara ń le, ṣé òjò kò tíì gbé Agege tí o ń gbé lọ? Ọlọ́run tó ń gba ewúrẹ́ wa lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ wàhálà Ikeja. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ náà ti bí ìbejì, bàbá rẹ sì ń dá rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ìwọ lo fà á.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lánàá. O ní o gbàgbé fíltà kámẹ́rà rẹ méjì, àwọn dígí rìbìtì tí o máa ń fi bo ojú kámẹ́rà, sílé nígbà Iléyá, pé ọ̀kan lo fowó rà ní Computer Village, èkejì ni ọlọ́jà fi ṣe èènì, wọ́n sì jọra bí ìbejì ewúrẹ́ wa. O ní kí n tan fóònù, kí n máa wò ó láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n máa yí i, pé èyí tó bá mú fóònù ṣókùnkùn ni ojúlówó, òun ni kí n fún Nùréènì awakọ̀ kó gbé bọ̀, torí ọ̀gá tó ń ta mọ́tò ní Opebi, tí o ń bá ya fọ́tò ọjà rẹ̀, ti búra pé bí òun bá tún rí òjìji òpó iná lára dígí mọ́tò òun nínú fọ́tò, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Mo ṣe é bí o ti wí. Fọ́tò rẹ tó wà lójú fóònù mi, èyí tí o wọ agbádá Iléyá, ni mo wò. Àjàní, mo yí fíltà kìíní díẹ̀ báyìí, ojú ọmọ mi dúdú bí ìdí ìkòkò! Mo lọgun pé ẹ gbà mí, wọ́n ti pa iná ọmọ mi, bàbá rẹ sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo yí i padà, o tún yọ, ò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́. Mo ti fi gèlè wé fóònù náà kó lè sinmi, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Ti èènì wá ńkọ́? Mo yí i títí ọwọ́ fi ro mí, ojú rẹ kò yẹ̀.

Mo wá mọ̀ pé ìkánjú Ikeja ló jẹ́ kí o ṣì í sọ. Ta ni yóò sanwó fún oníkámẹ́rà tó ń sọ ojú èèyàn di òkùnkùn? Èmi náà ń ta gàrí, mo mọ̀ pé ohun tí ọlọ́jà bá fi tọkàntọkàn bù lé ọjà kì í lábùkù. Èènì ni mo dì fún Nùréènì.

Èyí burúkú wà lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ó gbé e lọ sétí odò, ó ní bí òun bá ti yí i, gbogbo dídán ojú omi a lọ, òun a sì rí ẹja àrọ̀ níbi tó ti ń fi irùngbọ̀n gbálẹ̀. Láolú aládùúgbò wa ní irọ́ ni, ó wò ó, ó sì bẹ́ sómi tòun ti ṣòkòtò. Gbogbo ọkùnrin abà ló wà létí odò báyìí, wọ́n ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó àwọ̀n ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, má sì gbàgbé owó oògùn ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n sọ fún ọ pé fún mọ́tò Opebi yẹn, kí o wá fíltà tó ń nu dídán kúrò lójú nǹkan rà, irú tòun yìí gan-an, pé òun ló yẹ iṣẹ́ rẹ. Kò lè fún ọ ní tirẹ̀, ẹja ti pọ̀ jù.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ ṣókùnkùn níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wò ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sùlíyá