Aṣọ Tí O Fi Sínú Fóònù

Togu ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní Jakarta? Ọlọ́run tó jí ọ lónìí kò ní jẹ́ kí o ṣàìsàn, nítorí mo fẹ́ kí ara rẹ le koko kí o lè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ara tèmi náà le. Àlùbọ́sà wa ṣe dáadáa. Inú ló ń bí mi, ó sì ti ń bí mi láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ Namboru rẹ, àbúrò bàbá rẹ obìnrin tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

O mọ̀ pé tí ọkọ obìnrin bá kú, ilé tí wọ́n bí i sí ló ń gbé aṣọ ulos wá láti fi bo orí rẹ̀, kó lè sunkún lábẹ́ aṣọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá rẹ ti kú, ìwọ nìkan ni ọkùnrin tó kù nílé wa. A pè ọ́, o ní ọ̀gá rẹ kò fún ọ láàyè, ṣùgbọ́n kí n fọkàn balẹ̀, o ti ra ulos tó dára, o sì ti fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo wò ó, mo rí i lóòótọ́, pupa àti dúdú, etí rẹ̀ ń dán. Mo ní ọmọ mi gbọ́n. Nígbà tí wọ́n pe ilé wa síwájú, mo dìde, mo gbé fóònù náà lé Namboru rẹ lórí.

Kò dúró, ó ń yọ̀. Mo fọwọ́ dì í mú, mo ń ṣàdúrà lọ, ni iná inú rẹ̀ bá kú, aṣọ dàwátì. Ama Rondang aládùúgbò wa tí kì í rẹ́rìn-ín níbi ìgbéyàwó rẹ́rìn-ín níbi òkú. Ó ní, “Nai Togu, ṣé aṣọ yín ti lọ sùn ni?” Togu, mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ibẹ̀ la wà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi wọlé. Tíṣà wọn ló kọ́ wọn ní àṣà tuntun yìí: ilé tí ẹnikẹ́ni bá ti kú, oníkálukú wọn á fi òwú hun ègé kan, wọ́n á rán an pọ̀ di aṣọ ìbora, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ègé kan tóbi, èkejì wọ́, òmíràn ní ihò tí ológbò lè gbà kọjá. Tiarma, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò bi ẹnikẹ́ni, ó da á bo Namboru rẹ látorí dé èjìká. Mo jágbe mọ́ wọn pé láti ìgbà wo ni ọmọdé ti ń da aṣọ bo àgbà. Mo fẹ́ ká a kúrò, Namboru rẹ sì dì í mú lábẹ́ ibẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó wa, fi í sílẹ̀. Èyí ló dé.” Ló bá bú sẹ́kún, ẹkún tí kò tíì sun látàárọ̀.

Mo bínú sí àwọn ọmọ náà, mo bínú sí tíṣà. Mo ri fóònù mọ́ inú àpò ìrẹsì, má wulẹ̀ pè mí. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ìwọ gan-an ni mò ń bínú sí. Ìpín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ́ ti ilé wa, èyí tí wọ́n ń fún ilé tó bá gbé aṣọ wá, àwọn ọmọ náà ni Namboru rẹ kó o fún. Ojú mi ni Tiarma ṣe jẹ tìrẹ, tó tún ń lá ọwọ́.

Òwú ti tán lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dí ihò wọ̀nyẹn, nítorí náà mo fẹ́ owó òwú. Má fi í sínú fóònù o. Mú un dání, kí o gbé ẹsẹ̀ ara rẹ wá pẹ̀lú ulos náà.

Aṣọ àwọn ọmọ ṣì wà lórí Namboru rẹ. Kò lè lọ sóko, kò lè lọ sọ́jà, àfi tí ẹni tó bò ó bá ṣí i fún un, kó sì bọ́jú. Ó ní Tiarma ló bo òun, Tiarma ló yẹ kó ṣí i, ṣùgbọ́n torí pé ẹ̀yìn òun lo dàgbà sí, òun á dúró dè ọ́ di Sátidé.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní títì, á fún ọ ní ìyàwó onísùúrù, ọ̀gá rẹ á fojú rere wò ọ́. Àdúrà ni mò ń gbà fún ọ, bí mo tilẹ̀ ń payín keke. Lánàá, Tiarma bi mí pé lọ́jọ́ tí èmi náà bá kú, ta ni àwọn máa da aṣọ bò nílé wa. Mo ní Togu ọmọ mi ni. Ó wo inú ilé títí, ó ní, “Níbo ló wà?”

Mo ti sọ fún un pé ò ń bọ̀ ní Sátidé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nai Togu